Ṣílè Tó Ń Dán Jù

Tọ́rọ́, sísì, ṣílè: orúkọ wọn ṣì wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà wa. Fàdákà ni èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1913, kó tó di pé wọ́n bọ́ sí idẹ ní 1920.

Bí ẹnìkan bá na ṣílè onígi ọ̀pẹ ọdún 1913 sí yín ní Ìyànà-Ìbà tàbí Okokomaiko, tó sì ń dán gbinrin, ẹ fura. Imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ a máa sọ fàdákà di dúdú díẹ̀díẹ̀. Kí ló dé tí èyí fi funfun báyìí? Ẹ máa yí i lábẹ́ iná. Èyí tí wọn kò fọ̀, tí ìdán àtilẹ̀wá bá kù lára rẹ̀, ìdán náà á máa rìn bí ẹ ṣe ń yí i. Èyí tí wọ́n fi eérú tàbí ọṣẹ ìfọyín bó, ìlà tín-tìn-tín á gba ojú rẹ̀ kọjá sí ọ̀nà kan náà. (Ìlà ti owó tí wọ́n kàn ná dáadáa kì í tò bẹ́ẹ̀.) Ẹ wo ìdí lẹ́tà pẹ̀lú: kànrìnkàn kì í sábà débẹ̀, dúdú á ṣẹ́ kù síbẹ̀ nígbà tí àyíká rẹ̀ funfun báláú.

Ojú owó tí wọ́n ti họ kì í padà sípò. Ṣílè kan wọn gíráàmù 5.66, lójú tèmi, iye fàdákà yẹn nìkan ni kí ẹ fi ná an. Ti ìyá àgbà tó wà nílé ńkọ́? Ẹ má fọ̀ ọ́.