Ẹrù Bìní ti ń padà dé: ta ló ni ín, Ọba ni àbí Nàìjíríà?

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́, àwọn tó ń pariwo pé Nàìjíríà ní àṣà kan ṣoṣo tó jẹ́ ti gbogbo wa, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ béèrè ní Bìní ná.

Lọ́dún 1897 làwọn sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ya wọ ààfin ibẹ̀, wọ́n kó ère idẹ àti eyín erin lọ rẹpẹtẹ, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá, ibẹ̀ náà ló kú sí lọ́dún 1914. Nígbà tó di 1977 tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ fẹ́ ṣe Fẹ́sítáàkì l'Ékòó, ojú kan tó máa dúró fún gbogbo aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń wá. Wọn ò mú ti Yorùbá, wọn ò mú ti Íbò, wọn ò sì mú ti Haúsá. Ojú Idia, ìyá Ọba Esigie, ni wọ́n mú. Wọ́n ní káwọn Gẹ̀ẹ́sì yá wọn ní ère náà, àwọn yẹn fàáké kọ́rí, làwọn oníṣọ̀nà Bìní bá ṣe irú ẹ̀. Nàìjíríà yangàn títí, bẹ́ẹ̀ aṣọ àyálò ni.

Ìgbà tẹ́rù ọ̀hún wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà ni wàhálà dé. Jámánì kó lé ní ogún wá lóṣù Kejìlá, 2022, ilẹ̀ Netherlands kó 119 wá lọ́dún 2025. Gómìnà ìgbà náà, Obaseki, wà lẹ́yìn mùsíọ́ọ̀mù tuntun kan, àmọ́ Ọba Ewuare ní ààfin ni wọ́n ti kó wọn, ààfin ni kí wọ́n kó wọn padà sí. Lọ́dún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ síwèé pé Ọba ló ni wọ́n. Ṣẹ́ ẹ rí i, ìjọba àpapọ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ pé kì í ṣe tòun!

Àwọn kan ní ìmọtara-ẹni-nìkan lèyí. Èmi ò gbà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n hú ojúbọ Ọ̀ṣun lọ s'Ábújá, ṣé àwọn ará Òṣogbo á dákẹ́?

Lóṣù Kọkànlá, 2025, wọ́n fẹ́ fi mùsíọ́ọ̀mù ọ̀hún, MOWAA, han àwọn àlejò, làwọn tínú ń bí bá ya wọlé, wọ́n ní ti Ọba ni kí wọ́n máa pè é. Ọ̀pọ̀ àlejò ò rójú wo nǹkan kan. Àwọn MOWAA ní kò sí ère ààfin kankan lọ́wọ́ àwọn, ta ló fẹ́ gbọ́?