Ẹ̀kọ́ Ìbáṣepọ̀ Láàrin Orílẹ̀-èdè: Kí ni Ìlò Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi bí ti baba òun. Àwa tí a ti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ péjọ sí ilé ẹ̀kọ́ yìí mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀, bí a bá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ lọ kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ láàrin orílẹ̀-èdè ní yunifásítì, a óò béèrè pé, "Kí ni yóò fi ṣe?" Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ogun ni ó bí ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó jà láti 1914 títí di 1918, àwọn ọ̀mọ̀wé ń bi ara wọn léèrè ohun tí ń mú kí orílẹ̀-èdè kọlu ara wọn, àti ọ̀nà tí a fi lè parí ìjà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní 1919, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Aberystwyth, ní ilẹ̀ Wales, dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kan sílẹ̀ fún ìwádìí yìí. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní àgbáyé.

Kì í ṣe ìròyìn ayé ni a ń há sórí níbẹ̀. Ìtàn, òfin, ọrọ̀ ajé, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti èdè ni a ń kọ́ pọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè méjì kì í dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ Bakassi ṣe àpẹẹrẹ.

Bakassi jẹ́ ilẹ̀ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká, ní ẹnu ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ẹja pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gbà pé epo rọ̀bì wà nínú òkun ìtòsí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1994, àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè méjèèjì dojú ìjà kọ ara wọn níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Kamẹrúùnù gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague. Ó di àdéhùn 1913 mú, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì bá ara wọn ṣe nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso Kamẹrúùnù. Nàìjíríà fèsì pé àwọn ọba àti ìjòyè Calabar ni wọ́n ni ilẹ̀ náà, àti pé àdéhùn ààbò tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1884 kò fún un láṣẹ láti fi ilẹ̀ wọn tọrẹ. Ẹ wò ó bí ìwé tí àwọn àlejò kọ kí a tó bí àwọn baba wa ṣe fẹ́ dá ogun sílẹ̀ láàrin aládùúgbò.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó lé ní ọdún mẹ́jọ kí ẹjọ́ náà tó parí, a sì gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, 2002, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé Kamẹrúùnù ni ó ni Bakassi. Inú ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò dùn, ṣùgbọ́n ogun kò bẹ́. Kofi Annan, ọmọ ilẹ̀ Gánà tí ó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pe àwọn olórí méjèèjì jọ. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní oṣù kẹfà, 2006. Ní oṣù kẹjọ, 2008, Nàìjíríà fa ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa kò ní dúró síbẹ̀. Yóò béèrè pé: àwọn apẹja tí ń gbé Bakassi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ka ara wọn sí ọmọ Nàìjíríà. Àwọn mìíràn fi ilé baba wọn sílẹ̀, wọ́n sì di ẹni tí ń gbé inú àgọ́ ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Òfin lè parí ẹjọ́ láìparí ìyà. Kí a mọ èyí, kí a sì wá àtúnṣe sí i, apá kan ẹ̀kọ́ náà ni.

Àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ yìí jáde ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè, ní ECOWAS àti ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Àwọn kan sì ń ṣe olùkọ́. Ẹ̀yin tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la, nígbà tí ẹ bá ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà sí ara pátákó, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ènìyàn ni ó fa àwọn ìlà wọ̀nyí, ènìyàn ni ó sì ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọn.