Ẹ̀kọ́ tí Òṣìṣẹ́ Ìlera Àdúgbò Gbọ́dọ̀ Gbà Kí Ó Tó Tọ́jú Ọmọ Nílé

Ní ọ̀pọ̀ abúlé ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yòókù, ilé ìwòsàn máa ń jìnnà sí ilé tí ọmọ ti ń ṣàìsàn. Ibà, òtútù àyà àti ìgbẹ́ gbuuru kì í sì í dúró de ìyá tí ó ń wá owó ọkọ̀. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ṣe fọwọ́ sí i pé kí a yan àwọn ará àdúgbò, kí a sì kọ́ wọn láti tọ́jú àìsàn mẹ́ta wọ̀nyí nínú ilé, fún ọmọ tí ó ti pé oṣù 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 5. Láàárín ọdún 2013 sí 2017, irú ètò bẹ́ẹ̀ wáyé ní ìpínlẹ̀ Abia àti ìpínlẹ̀ Niger.

Ọjọ́ 6 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ méjèèjì ṣètò fún wọn. Kò pọ̀, bí a bá rántí pé ọdún 3 ni àwọn tí a ń pè ní CHEW ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera, tí àwọn JCHEW sì ń lo ọdún 2. Ohun tí ó mú kí ọjọ́ 6 tó ni pé iṣẹ́ náà ní ààlà, mímọ ààlà náà sì ni olórí ẹ̀kọ́.

Kíka mímí ọmọ dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣòro jù. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí aṣọ kúrò láyà ọmọ, kí ó dúró títí ọmọ yóò fi dákẹ́, kí ó sì ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú 1. Bí ó bá tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, tàbí 40 fún ọmọ tí ó ti pé ọdún 1, mímí náà ti yára jù, amoxicillin sì ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á nígbà tí ọmọ ń sunkún, tàbí tí ó bá fojú díwọ̀n rẹ̀, lè fún ọmọ ní oògùn tí kò nílò, tàbí kí ó fi ọmọ tí òtútù àyà ń dà láàmú sílẹ̀ láìtọ́jú. Ìdí nìyí tí a kì í fi kọ́ ọ lórí pátákó nìkan. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fi dánrawò, lára ọmọ tí ó ń ṣàìsàn ní tòótọ́, lójú olùkọ́.

Ara gbígbóná kì í ṣe ibà nígbà gbogbo, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ni a ó fi ṣe àyẹ̀wò kí a tó lo oògùn ibà. Ìgbẹ́ gbuuru ń fẹ́ omi ORS àti síǹkì; síǹkì náà yóò tẹ̀síwájú fún ọjọ́ 10 sí 14, bí ìgbẹ́ tilẹ̀ ti dúró.

Àwọn àmì ewu ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí: giri, ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi, èébì tí kò jẹ́ kí ohunkóhun dúró nínú, oorun àsùnjù tàbí dídákú, àyà tí ó ń wọnú bí ọmọ ti ń mí, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì tí ó wú, àti apá tí ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀já ìwọ̀n fi bọ́ sí ibi pupa, ìyẹn tí kò tó mìlímítà 115, fún ọmọ tí ó ti pé oṣù 6. Bí ọ̀kan bá yọjú, kí ó kọ ìwé, kí ó sì rán ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù 2 kò sí lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ rárá. Ìdílé kò gbọdọ̀ ka èyí sí àìmọṣẹ́.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 sọ pé bí iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gùn tó, àti pé ìfidánrawò lábẹ́ àbójútó ni kí a fi ṣáájú. Ìwé ẹ̀rí wà fún ẹni tí ó fi hàn pé òun lè ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe fún ẹni tí ó kàn jókòó di ọjọ́ ìkẹyìn. Bí ẹnì kan ti gbéyàwó tàbí lọ́kọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdí láti yàn án tàbí láti kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, alábòójútó gbọ́dọ̀ máa wá yẹ ìwé àkọsílẹ̀ wò, kí ó sì rí i pé oògùn wà nínú àpótí. Àpótí tí ó ṣófo ń sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀rọ̀ lásán.

Ìyá lè béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó wá sílé, ó sì lè ní kí ó ka mímí ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọjọ́ kẹta, òṣìṣẹ́ yóò padà wá wo ọmọ náà. Bí àìsàn kò bá tíì dínkù, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Bí àmì ewu bá yọ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ìdílé má ṣe dúró dè é.