Ògiri Létí, Kọ̀ǹpútà Lẹ́nu

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ fi àgádágodo ti ọ́fíìsì, ẹ wá rò pé àṣírí ìwé owó ti bò? Kò tíì bò o! Iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà a máa tú ìgbì sáfẹ́fẹ́ bíi ti rédíò. Ní 1985, Wim van Eck, ẹnjiníà ará Nẹ́dálándì, fi hàn pé tẹlifíṣọ̀n lásán pẹ̀lú èríà tó lágbára lè gba ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Pásíwọọ̀dù kò lè dá a dúró. Irin ló lè dá a dúró. Nítorí náà, ẹ gbé kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń kọ ìwé owó yíyá jìnnà sí ògiri ìta. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ pa á. Níbi tí àṣírí bá ti wúwo, ẹ fi irin bo ẹ̀rọ yíká. Owó gbogbo wa ni. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ.