Àgbà àti Èwe Nínú Iṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹni tí ń gbé Ẹ̀gbẹ́dá mọ ìró ọkọ̀ òfurufú, nítorí pápá Ìkẹjà kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wà á kò ṣọ̀kan. Nigeria Airways, tí a dá sílẹ̀ ní 1958, kógbá sílé ní 2003. Ní 2018, ìjọba ṣì ń san gbèsè ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, àgbà a máa wí pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó yẹ kí ó bá ọ̀gá dúnàádúrà. Èwe tí ó ná owó ńlá kọ́ṣẹ́ a máa gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbàṣe, kí ó má bàa jókòó lásán. Bí èwe bá gba owó kékeré lónìí, owó àgbà lè wálẹ̀ lọ́la. Bí àgbà bá sì pa èwe tì, ta ni yóò jogún ẹgbẹ́? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèǹgbè.