Bí Ajílẹ̀ Òyìnbó Bá Jó Ọmọ Kòkó Nínú Ọ̀rá

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú ọmọ kòkó sínú ọ̀rá dúdú de òjò, pàápàá ẹni tó yá owó ẹgbẹ́ fi ṣe é. Ọmọ kòkó a máa lò tó oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó tó gbìn. Bó bá kú ní oṣù kẹrin, kò sí bí òmíràn ṣe lè dàgbà bá òjò ọdún náà. Odidi ọdún ti lọ nìyẹn, èlé orí owó kò sì ní dúró.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro. Ṣónṣó ewé àti etí rẹ̀ á gbẹ bí èyí tí iná jó. Ewé á rọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tutù. Nígbà míì ẹ ó rí ohun funfun bí iyọ̀ lójú erùpẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á ní ebi ló ń pa á, wọ́n á tún bu ajílẹ̀ kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Irú iyọ̀ kan ni ajílẹ̀ òyìnbó. Ẹ ṣáà ti rí ìgbín tí a bu iyọ̀ sí, bí omi ara rẹ̀ ṣe ń tú jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ajílẹ̀ àpọ̀jù ṣe ń fa omi kúrò lára gbòǹgbò. Yúríà ló burú jù: náítírójìn inú àpò rẹ̀ tó jẹ́ 50 kílò tó kílò 23, ti NPK 15-15-15 kò ju kílò 7 àbọ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ìdérí ìgò kan náà wọn méjèèjì ti fún kòkó ní àpọ̀jù náítírójìn.

Omi ni oògùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i náà, ẹ ṣa hóró ajílẹ̀ tó kù lójú ilẹ̀, kí ẹ sì wo ìdí ọ̀rá bóyá ihò rẹ̀ ò dí. Ẹ wá rọra da omi sí i títí yóò fi máa ro jáde nísàlẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ìdajì wákàtí, ẹ tún da á, kó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí gbogbo omi náà tó ìlọ́po méjì erùpẹ̀ inú ọ̀rá, ó kéré tán. Ẹ má gbé e sínú abọ́ o, omi iyọ̀ yẹn á tún padà wọlé.

Lẹ́yìn èyí, abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni kó wà. Ẹ má tún bomi rin ín àfi tí ojú ilẹ̀ bá ń gbẹ, torí gbòǹgbò tó ti fara pa tètè ń rà. Ewé tó gbẹ tán, ẹ já a. Èyí tó ṣì tutù díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, òun ló ń wá oúnjẹ fún igi. Ibi tó ti jó kò ní sàn mọ́, ewé tuntun ni kí ẹ máa wò. Bó bá pẹ́, ẹ fi èékánná ha èèpo: bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó wà láàyè. Kó tó di pé ewé tuntun là dáadáa, ẹ má fún un ní ajílẹ̀ kankan.

Imí adìẹ tútù náà ń jó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa ò kà á sí. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kí ẹ máa yí i títí kò fi ní gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ á sì lọ, kí ẹ tó pò ó mọ́ erùpẹ̀ ọ̀rá.