Ikọ̀ Aláwọ̀ Dúdú: Bí Amẹ́ríkà Ṣe Fi Orin Ránṣẹ́ sí Wa

Ní Ọ̀tan Ayégbajú, níbi tí a gbé bí mi, kì í pẹ́ tí ọmọdé fi ń mọ̀ pé ohun tí àlejò gbọ́ lẹ́nu ìlù lè yàtọ̀ sí ohun tí onílù ń sọ. Bí ìlú kan bá rán onílù rẹ̀ lọ sí ọdún ìlú kejì, ìlú tí ó rán an ni ó ń gbé ga. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń fi ìyà jẹ ẹ́ nílé, dùndún kan náà tí ó fi ń kí ọba ni yóò fi sọ ìpọ́njú ara rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́, a gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́, a máa jó lọ. Ohun tí ó sọ sí mi lọ́kàn nìyí nígbà tí mo ń ka ìtàn àwọn olórin aláwọ̀ dúdú tí Amẹ́ríkà fi ṣe ikọ̀ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn láti ọdún 1956. Ìtàn náà kàn wá, nítorí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí ogun Hitler parí ní ọdún 1945, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í du ọ̀rẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ káàkiri ayé, àwa tí òmìnira wa kù sí dẹ̀dẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n ń du. Amẹ́ríkà ń wàásù òmìnira. Rọ́ṣíà kò sì ní ṣe ju pé kí ó na ìka sí ilé oníwàásù lọ. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, òfin ti ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun nílé ẹ̀kọ́, nínú bọ́ọ̀sì, nílé oúnjẹ àti nílé ìwòsàn. Òkú wọn pàápàá kì í sùn sí itẹ́ kan náà. Ọgbọ́n tí ìjọba dá ni pé kí wọ́n rán orin jáàsì jáde, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn dá sílẹ̀. Dizzy Gillespie, afunfèrè, ni ó kọ́kọ́ lọ ní ọdún 1956, tòun ti ẹgbẹ́ tí dúdú àti funfun wà nínú rẹ̀. Kí ó tó lọ, wọ́n pè é wá gbọ́ bí yóò ti máa dáhùn bí àwọn onílé bá bi í ní ọ̀ràn àwọ̀. Kò lọ, ó ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún ti kọ́ òun tó.

Ṣùgbọ́n ti Louis Armstrong ni ó jinlẹ̀ jù. Ní ọdún 1956 kan náà ó dé Accra, nígbà tí Ghana ṣì ń jẹ́ Gold Coast, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS sì ń ya àwòrán ìrìn àjò rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ orin ‘Black and Blue’ níwájú Kwame Nkrumah. Orin náà ti wà láti ọdún 1929. Ìráhùn ẹni tí a ń tìtorí àwọ̀ dá lóró ni. Ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ yóò jó o bí orin fàájì. Nínú àwòrán tí wọ́n yà, ojú Nkrumah kì í ṣe ojú ẹni tí ń ṣe fàájì.

Ní oṣù September 1957, gómìnà ìpínlẹ̀ Arkansas fi ọmọ ogun dí ọ̀nà mọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú 9 tí wọ́n fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Little Rock. Ìjọba ń múra láti rán Armstrong lọ sí Rọ́ṣíà nígbà náà. Ó sọ fún oníròyìn kan pé òun kò lọ mọ́: bí àwọn ará ibẹ̀ bá bi òun ní ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílé, kí ni òun yóò wí? Ó ní Ààrẹ Eisenhower kò láyà. Ẹ sì rántí pé ọkùnrin yìí ni àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín pé ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù níwájú òyìnbó. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, Eisenhower rán ọmọ ogun lọ sin àwọn ọmọ náà wọlé ẹ̀kọ́. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ Armstrong nìkan ni ó sún un ṣe é.

Ní oṣù October 1960, oṣù tí a gba òmìnira, Armstrong wá sí Nàìjíríà. Pepsi-Cola, ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò, ni ó gbé ìnáwó ti Ghana àti tiwa. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìyókù. Ó kọjá sí Congo, níbi tí wọ́n fi àga gbé e lérí bí ọba, nígbà tí Patrice Lumumba wà ní àtìmọ́lé nínú ilé rẹ̀ ní ìlú Léopoldville kan náà. Dúdú àti funfun ni ó wà nínú ẹgbẹ́ tí Armstrong kó wá. Bẹ́ẹ̀ ni ní Louisiana, ìpínlẹ̀ tí New Orleans, ìlú ìbí rẹ̀, wà, wọ́n ti ṣe òfin ní ọdún 1956 pé dúdú àti funfun kò gbọdọ̀ jùmọ̀ ṣeré ní gbangba. Ó wá kẹ̀yìn sí ìlú náà. Ẹgbẹ́ tí a pàtẹ́wọ́ fún níhìn-ín kò rí ààyè nílé.

Ọ̀ràn náà kò sì yọ ikọ̀ tiwa sílẹ̀. Ní oṣù October 1957, ilé oúnjẹ kan ní ìpínlẹ̀ Delaware kò jẹ́ kí Gbedemah, mínísítà ìnáwó Ghana, jókòó mu omi ọsàn. Eisenhower ní láti pè é wá jẹun àárọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ìtìjú náà lè fúyẹ́. Ní oṣù January 1961, wọ́n kọ̀ láti fún òṣìṣẹ́ ilé ikọ̀ Nàìjíríà kan ní oúnjẹ àárọ̀ ní Charlottesville, ní Virginia. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìbẹ̀wò Armstrong ni.

Ǹjẹ́ irinṣẹ́ lásán ni àwọn olórin wọ̀nyí bí? Àwọn kan wí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 18 àti 19 oṣù December 1961, ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní AMSAC kó Langston Hughes akéwì, Nina Simone, Lionel Hampton àti àwọn mìíràn wá sí pápá ìṣeré King George V ní Èkó. Ní ọdún 1967 àṣírí tú pé owó CIA, ilé-iṣẹ́ àwọn amí Amẹ́ríkà, wà nínú àpò ẹgbẹ́ náà. Ó dun ni. Síbẹ̀ n kò gbà pé ẹni tí ó san owó ọ̀nà ni ó ni ọ̀rọ̀ tí ikọ̀ yóò sọ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́ta kò pé lẹ́yìn Èkó tí Nina Simone fi kọ ‘Mississippi Goddam’ ní Carnegie Hall ní oṣù March 1964, orin ìbínú lórí ikú Medgar Evers àti ti ọmọbìnrin 4 tí bọ́ǹbù pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Birmingham. Kò sí amí tí ó rán an ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ikọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ìjọba kankan kò rán. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Morehouse ní Atlanta ní ọdún 1950, nígbà tí ìyàsọ́tọ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì ibẹ̀. Ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọn kò mọ̀ nípa Áfíríkà ju ohun tí wọ́n rí nínú sinimá lọ. Ìlù ni ó fi dá wọn lóhùn. Àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní ọdún 1960, orin Yorùbá sì ń dún nílé àwọn tí kò gbọ́ èdè náà rárá.

Ní ọdún 1964 Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ nílé oúnjẹ àti nílé ìgbafẹ́. Ní ìparí oṣù October 1965, Armstrong padà sí New Orleans tòun ti ẹgbẹ́ rẹ̀, dúdú àti funfun, ó sì fun fèrè. Ẹni ọdún 64 ni nígbà náà.